Bí Mẹ́ta àti Mẹ́ta Ṣe Di Márùn-ún ní Ìsàlẹ̀ Òkè Màpó

Kò sí ẹni tó ń fun fèrè idẹ tó mi ní gbogbo àdúgbò wa. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Ẹ bi àwọn ará Bẹ́yẹrúnkà. Bí mo bá gbé e sẹ́nu nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn Mùsùlùmí tó ń kọjá lọ sí Ọjà'ba á dẹsẹ̀ dúró. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní pírámárì kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ dàrú ní Bẹẹrẹ tí mi ò lè tún ṣe, kò sì sí orin tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí mi ò lè fun.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Bàbá ìjọ wa sọ lọ́jọ́ kan ká mi lára gidi. Wọ́n ní tó bá fi máa di ọjọ́ ìkórè, ẹni tí yóò máa ṣáájú ẹgbẹ́ onífèrè gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun kọ́ orin. Arábìnrin kan wà láàárín wa tó ń tẹ dùrù, òṣìṣẹ́ báńkì, tó ń ka àmì orin bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Gbogbo wa mọ̀ pé òun ló máa bọ́ sí ipò mi.

Mo ní, "Bàbá, ẹnu mi yìí ni ìwé ẹ̀rí mi."

"Ẹnu rẹ dáa," ni Bàbá ìjọ wí. "Bí o bá kú ńkọ́, ta ló máa rí ohun tó wà nínú ẹnu rẹ kà?"

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni. Mo lọ síbẹ̀, mo ní orin ni mo fẹ́ kọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wọn ní kò sí orin láìsí ìṣirò, méjèèjì ni èèyàn gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó fún un níwèé. Mo bi í pé kí ló kan ìṣirò nínú ọ̀rọ̀ orin. Ó ní òun kọ́ ló ṣòfin.

Àga ibẹ̀ ni ọ̀tá mi àkọ́kọ́. Èmi tí mo ń wọ abẹ́ ọkọ̀, tí mo ń bẹ̀rẹ̀, tí mo ń dìde látàárọ̀, wọ́n ní kí n jókòó sójú kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Màá na ọ̀kan, màá ká èkejì. Màá wo ojú fèrèsé, màá rí àwọn páànù tó ti dípẹtà lọ títí dé ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, màá rí ọkọ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀, á wá dà bíi pé èmi nìkan ni mo dúró láyé. Alhaja kan tó ń ta aṣọ ló jókòó sẹ́yìn mi.

"Bàbá," ó ní, "ṣé eèrà wọ ṣòkòtò yín ni?"

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní ìṣirò kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Lọ́jọ́ kan, ó bi wá pé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọjọ́ mélòó ni. Kó tó pa ẹnu dé, mo ti dáhùn.

"Márùn-ún."

"Mẹ́rin ni, Dádì."

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè, ọjọ́ wo là ń sọ ọ́ lórúkọ?"

"Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e."

"Ọjọ́ kelòó là ń pè é?"

"Ọjọ́ kẹjọ."

"Ẹ ṣeun. Àwọn tó ń ná ọjà Ọjẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n ná an lónìí wà nínú ìtàdógún, ọjọ́ tí wọn óò tún ná an náà wà nínú rẹ̀. Ṣé àwọn baba wa ò mọ̀ ọ́n kà ni?"

Alhaja pàtẹ́wọ́. Mo rò pé mo ti borí.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kà dáadáa," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ọjọ́ gan-an ni wọ́n ń kà. Èmi ń ka ìrìn láti ọjọ́ kan sí èkejì. Mọ́ńdè tí ẹ ti jókòó sínú rẹ̀, Dádì, ṣé ẹ tún fẹ́ wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ni?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Alhaja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi ló rẹ́rìn-ín jù. Mo mú fìlà mi, mo jáde. Mo rìn dé Bẹẹrẹ, mo rìn dé Oríta-mẹ́rin, n ò ra nǹkan kan, n ò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo délé, mo ro ẹjọ́ fún ìyàwó mi.

"Ẹ kúkú fi sílẹ̀," ó ní. "Arábìnrin báńkì á máa ṣáájú, ẹ̀yin á máa tẹ̀ lé e."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo padà.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá ló ń kọ́ wa lórin. Wọ́n bi mí pé láti dò dé sọ̀, ohùn mélòó ni.

"Márùn-ún," mo ní, "àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin, ẹ tètè wí."

"Ta ló fẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin? Dò ni ìkíní, sọ̀ ni ìkarùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń pè é káàkiri ayé nìyẹn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Kíláàsì ìṣirò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo sì ṣílẹ̀kùn. "Àǹtí, ẹ gbọ́ o, àwọn òyìnbó pàápàá ń kà á bíi tiwa."

Ó dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. "Ẹ kú oríire, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn."

Ìdánwò ti ń sún mọ́lé nígbà tí Bàbá ọlọ́pàá pè mí síwájú. Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀ lórí dò, kó o gun ìkẹta. Láti ibi tó o bá dé, tún gun ìkẹta. Ìkelòó lo dé?"

"Ìkẹfà." Ta ni ò mọ̀ pé mẹ́ta àti mẹ́ta, mẹ́fà ni?

"Ó dáa. Fun ún."

Mo fun dò. Mo gun ìkẹta, mí ló jáde. Mo tún gun ìkẹta, sọ̀ ló jáde. Mo tún un ṣe. Sọ̀. Ìkarùn-ún ni. Etí tèmi kì í purọ́, nítorí náà ẹnu mi ló purọ́. Kò sí orin tí mo ń fun láti ìgbà èwe mi tí ohùn mẹ́ta yìí ò sí nínú rẹ̀, àmọ́ mi ò ro wọ́n pọ̀ rí.

Mo ní kí Bàbá ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní kí èmi lọ ṣàlàyé fún ara mi.

Mo ti dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Bẹ́yẹrúnkà kó tó yé mi. Ohùn tó wà láàárín yẹn, mo kà á nígbà tí mo gorí rẹ̀, mo tún kà á nígbà tí mo ń kúrò lórí rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo, mo kà á ní méjì. Bí èèyàn bá fẹ́ rò wọ́n pọ̀, ìgbésẹ̀ ló yẹ kó kà: méjì àti méjì, mẹ́rin, ìgbésẹ̀ mẹ́rin láti orí dò ló sì ń gbéni dé ìkarùn-ún. Ohun tí ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ti ń wí nìyẹn. Àmọ́ èmi fúnra mi ni mo rí i lójú ọ̀nà o, ẹnikẹ́ni ò fi hàn mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo ní, "Àǹtí, bí a bá ń pe nǹkan lórúkọ, tiwa ló tọ̀nà. Bí a bá ń rò ó pọ̀, tiyín ni."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, Dádì. Ẹ má ṣáà pariwo ẹ̀."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n jókòó tán. Mo jáde ṣáájú gbogbo wọn. Mo wá ń rìn káàkiri Ọjà'ba, mo ń rò ó bóyá ìbéèrè wà lẹ́yìn ìwé tí mi ò ṣí wò. Títí èsì fi jáde, oorun mi ò já geere. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá, màá tú wáyà rẹ̀ tán, màá dìde, màá gba ìsàlẹ̀ Màpó lọ wo ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Nínú orin, èmi ni mo ṣáájú. Nínú ìṣirò, díẹ̀ ni mo fi kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó fo odò ti fo odò. Mo gbé ìwé náà lọ bá Bàbá ìjọ. Wọ́n kà á lókè, wọ́n kà á nísàlẹ̀.

"Ìṣirò rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ga."

"Ó tó, Bàbá."

"Ó tó." Wọ́n dá a padà fún mi. "Máa ṣáájú wọn lọ."

Lọ́jọ́ ìkórè, arábìnrin báńkì bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ṣé kí òun kó ìwé orin òun kúrò níwájú. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo ní kó sún dùrù rẹ̀ wá sápá ọ̀tún mi, kó máa bá mi ṣí ìwé náà, nítorí pé mo ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kì í jẹ́ kí n dúró pẹ́ tó láti ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo gbé fèrè sẹ́nu.