Nọ́ọ̀sì Ganiyat àti Oògùn Àyà Títa

"Mà, kí ló dé tí ẹ kò ta oògùn fún Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo gbójúgbóyà bi Nọ́ọ̀sì Ganiyat báyìí. Wọ́n ní kí n lọ fọ ìgò.

Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n. Wọ́n fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn sílẹ̀, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn sí àdúgbò wa, Rumuokwurushi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Àwọn ènìyàn a máa mú ìgò òfìfo wá gba oògùn funfun tí ń pa omi kíkan inú ikùn. Bí ẹnìkan bá ń lo kápúsù pẹ̀lú rẹ̀, Nọ́ọ̀sì a ní kó fi wákàtí méjì sáàárín méjèèjì, kí ọ̀kan má baà dí èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, tí wọ́n jẹ́ wẹ́dà tó ń jó irin ní ilé iṣẹ́ epo kan, gbé ìgò tiwọn dé. Ètè wọn funfun. Nọ́ọ̀sì rí pépà ìyẹ̀fun oògùn orí fífọ́ lápò ẹ̀wù wọn, wọ́n sì béèrè iye tí wọ́n ń lá lójúmọ́. Wọ́n ní ọ̀kan láàárọ̀ kí bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ tó dé, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, nítorí ara ríro. Nọ́ọ̀sì tún béèrè bí ìgbẹ́ wọn ṣe rí.

"Oògùn ni mo wá rà, ẹ ń bi mí nípa ìgbẹ́. Àwọn tó ń ta oògùn lódìkejì títì kì í béèrè nǹkan kan."

"Ẹ máa lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ṣé ó dúdú bí ọ̀dà?"

Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi takisí gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyẹ̀fun náà ti dá egbò sí ikùn wọn, egbò náà sì ń ṣẹ̀jẹ̀, èyí tó sọ ìgbẹ́ wọn di dúdú. Oògùn funfun kàn ń mú kí àyà rọlẹ̀, kí wọ́n lè tún lá ìyẹ̀fun mìíràn ni. Àwọn dókítà fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá sì yè.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde mi nílé ẹ̀kọ́ girama, Nọ́ọ̀sì ní kí n bá àwọn dúró sí káńtà. Obìnrin kan ní àyà ń ta òun. Mo ti nawọ́ sí oògùn kí n tó béèrè ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì dá mi dúró, wọ́n bi í léèrè dáadáa. Ata ọbẹ̀ àná ni, kò lo oògùn mìíràn. Wọ́n tà á fún un.

Nígbà tó lọ tán, wọ́n kọjú sí mi.

"O bi mí nígbà kan ìdí tí n kò fi ta oògùn fún Bọ́lárìnwá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti tà á fún un ṣáájú ọjọ́ yẹn, n kò bi í ní ohun kan. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú rẹ̀."