Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Lórí Bíréèkì

Ìyá mi kò kọ́ ọkọ̀ wíwà rí, ṣùgbọ́n bí a bá ti jọ jókòó sínú ọkọ̀ mi, àwọn àti èmi la jọ ń wà á. Èmi ń fi ọwọ́ wà á, àwọn ń fi ẹnu wà á. "Rọra o! Wo ọlọ́kadà yẹn. Kí lò ń sáré sí, ṣé o gbé ọbẹ̀ ka iná ni?" Láti Kotobabi tí à ń gbé ní Accra títí dé Okaishie, ọjà tí ìyá mi ti ń ta aṣọ àti ọṣẹ, wọn kì í sinmi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nínú ọkọ̀ tí mo fi owó ara mi rà.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ìyá mi dákẹ́.

A ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nítòsí ilé wa. Tòrotòro kan, ọkọ̀ akérò níbí, dúró lójijì níwájú kí èrò lè bọ́ọ́lẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, ó sì wọlẹ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó kan ilẹ̀ ọkọ̀ pátápátá, ọkọ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mo fa jíà wálẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo yí imú ọkọ̀ sí òkìtì yanrìn tí ẹnì kan tó ń kọ́lé dà sétí títì. Ibẹ̀ la gúnlẹ̀ sí bí ọkọ̀ ojú omi.

Eruku rọlẹ̀. Ìyá mi wo yanrìn tó wà níwájú wa, wọ́n wò mí.

"Tíṣà, ṣé ibi tí à ń lọ nìyí?"

Ìgbà tí mo lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn ni mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Wọ́n tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, rọ́bà tí mo tẹ́ síbẹ̀ ti ká jọ síwájú, okùn bàtà wọn sì ti já.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, Mà. Ọkọ̀ ti dúró."

"Ta ló dá a dúró?" ni wọ́n bi mí.

Ó yẹ kí n sọ ìtàn ọkọ̀ yìí, nítorí ẹ̀bi mi wà nínú rẹ̀. Àwa ọmọ Aláta tí wọ́n bí sí Accra, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe àwa Yorùbá, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí àwọn baba wa dá sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù, a máa ń pàdé nínú àgbàlá ilé kan ní Kotobabi. Ìwà kan ń bẹ lára wa: ẹnì kan kì í dá nǹkan rà. Bí ẹnì kan bá ra fíríìjì tó sì yìn ín nípàdé, kí ọdún tó yípo, fíríìjì kan náà ni yóò máa kùn nílé gbogbo wa. A gbà pé ohun tí ará ilé ẹni ti lò kò lè tan ni jẹ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ra irú ọkọ̀ yìí. Àlòkù tó ti Amẹ́ríkà wá ni, mo rà á ní Tema, aláwọ̀ eérú. Mo sì lẹ́nu. Mo dìde nípàdé, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ yìí kò mọ àìsàn. Ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ wò, ẹ ó rò pé orí ìrọ̀rí lẹ tẹ̀." Bíréèkì, nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀, ni mo yàn láti fi yangàn! Kí ọdún méjì tó pé, ọkọ̀ náà ti di mẹ́sàn-án láàárín wa, gbogbo wọn aláwọ̀ eérú. Lọ́jọ́ ìpàdé, iwájú ilé náà á dà bí ibi tí ìjọba ń gbé ọkọ̀ sí. Nígbà kan, ìyá mi jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún odidi wákàtí kan pẹ̀lú àpò ọṣẹ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń bínú pé mo pẹ́.

Wọ́n fa ọkọ̀ mi kúrò nínú yanrìn lọ sọ́dọ̀ fítà mi. Fítà là ń pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbí. Ọmọ Ga ni tèmi, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Twi la jọ ń sọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ṣí iwájú rẹ̀, ó ní kí n máa tẹ bíréèkì, ó sì mi orí.

"Wọ̀fà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, bí ẹni ń pe àbúrò ìyá rẹ̀, "páàdì dára, omi bíréèkì kún. Másítà ló kú."

Másítà yìí ló ń gba agbára ẹsẹ̀ awakọ̀, tó sì ń ti omi bíréèkì lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rọ́bà inú rẹ̀ ti rọ̀, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

"Ó dáa. Pààrọ̀ rẹ̀."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé? Ṣé mo bú ẹ ni?"

"Ìkẹta irú ọkọ̀ yìí nìyí lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ra másítà àlòkù, ara irú ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti tú u, àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti mọ̀, wọ́n ti pe irú ọkọ̀ yìí padà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fi tuntun sí i. Ẹ lọ bá wọn. Bí ẹ bá sì tún gbé Maame, ìyá yín, sínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, ẹ wá fítà mìíràn."

Mo ti bá ọ̀pọ̀ fítà pàdé láyé mi. Èyí nìkan ni mo rí tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá bá a, tó sì fi kíkọ̀ náà tọ́jú mi.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ọkọ̀ náà ní tuntun wà lójú ọ̀nà Tema. Gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù débi pé mo wá ibi tí wọ́n kó ẹja sí. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ọmọlúwàbí gidi. Àwọn ará Ghana ò lè sọ gbólóhùn kan láìfi ẹ̀bẹ̀ sí i, tirẹ̀ wá peléke.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà ara ọkọ̀ yín?" Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni, ó wà lára àwọn tí wọ́n pè padà. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà yín dà?"

"Lẹ́tà wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí wọ́n fi pè yín."

Wọ́n ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó di lẹ́tà bíréèkì mi lọ́wọ́ tí kò sì ní ọkọ̀, èmi ní ọkọ̀, n kò ní lẹ́tà. Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó ní òun máa bá mi béèrè, kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i. Mo padà lọ. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ táì, jáde wá, ó ní àwọn ò ní másítà náà nílẹ̀, àwọn kì í sì í torí ọkọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sókè òkun. Kí n máa retí. Títí dìgbà wo? Ó ní kí n ṣáà máa retí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá mi ń wọ tòrotòro lọ sọ́jà pẹ̀lú ẹrù wọn láìráhùn. Èmi gan-an ló ń ṣe nǹkan ìtìjú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ọkọ̀ mẹ́jọ mìíràn ń rìn nígboro pẹ̀lú irú másítà kan náà, nítorí pé èmi fi ẹnu mi tà á fún wọn, mo sì dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ti tún tèmi ṣe, màá dìde nípàdé, màá sọ àìsàn àti oògùn rẹ̀ pọ̀, wọn á pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú ìpàdé dé. Nígbà tí a túká, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú rẹ̀. Èyí àbíkẹ́yìn juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ sí i padà.

Ìyá mi ń wò mí. "O ti sọ fún wọn, àbí?"

"Mà, mo fẹ́ kí tèmi kọ́kọ́…"

"O ò tíì sọ fún wọn."

"Ó ku díẹ̀ ni."

"Nígbà tí ò ń yin ọkọ̀, ṣé o ní kó ku díẹ̀?" Wọn ò pariwo. "Ẹnu rẹ lo fi kó wọn sínú rẹ̀. Fi ẹnu náà kó wọn jáde."

Kí n tó mira, wọ́n ti lọ dúró níwájú ọkọ̀ akọ̀wé, wọ́n gbé ọwọ́ lé imú rẹ̀ bí ẹni dá màlúù dúró. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ọ́lẹ̀. Gbogbo yín, ẹ padà sínú ilé. Tíṣà ní ọ̀rọ̀."

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, baba kan láti ẹ̀yìn ní, "Bíréèkì ìrọ̀rí!" ẹ̀rín sì bú. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bíréèkì òun ti wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, òun rò pé bàtà òun ló ń yọ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni kò wakọ̀ lọlé lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ mẹ́jọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn aládùúgbò sì ń béèrè pé ṣé àwọn Aláta ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ni.

Ní ọ̀nà ilé, ìyá mi bi mí, "Nǹkan tó kú yẹn, mélòó ni wọ́n ń dì sí páálí kan?"

"N kò mọ̀, Mà."

"Tíṣà ìṣirò."

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò lọ sí Okaishie. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí ẹ̀yìn páálí ọṣẹ kan, a sì wọ tòrotòro, àwa méjèèjì àti akọ̀wé, ó di ilé tútù lójú ọ̀nà Tema. Ọ̀gá onítáì tún jáde. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: àwọn kì í torí ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sókè òkun.

Ọ̀dọ́bìnrin ìdí tábìlì ni ìyá mi kọjú sí, wọ́n sì fi Twi bi í. "Ọmọ mi, mélòó ló ń wà nínú páálí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Maame, mẹ́wàá."

"O ṣeun. Ẹ̀yin náà, Ọ̀gá, mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Kò sẹ́ni tí ń tú páálí torí ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan. Èmi gan-an kì í tú u. Ṣùgbọ́n ní ọjà wa, bí agbára ìyá kan kò bá ká páálí kan, àwọn márùn-ún á para pọ̀, ẹnì kan á fi orúkọ rẹ̀ gbà á, wọ́n á pín in níta." Wọ́n tẹ́ páálí ọṣẹ náà sórí tábìlì gíláàsì. "Mẹ́sàn-án rèé. Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ mi."

Ọ̀gá ní lẹ́tà ńkọ́.

"Ẹ pè wá, àbí ẹ ò pè wá?"

"Ilé-iṣẹ́ pè yín."

"A ti jẹ́. Ẹni tó bá ti dé, lẹ́tà wo lẹ tún ń kọ sí i?"

Akọ̀wé bojú wolẹ̀ kí ó má bàa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní mẹ́sàn-án kì í ṣe mẹ́wàá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá mi nawọ́ sí mi. "Pe fítà rẹ." Àwọn rántí ohun tí èmi tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò ti gbàgbé: ọkọ̀ tèmi ni ìkẹta irú rẹ̀ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ fítà. Fítà gbé fóònù. Ó ní oníwàásù kan ti fi ẹsẹ̀ rìn fún oṣù mẹ́ta nítorí irú ọkọ̀ náà. Ó ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ oníwàásù náà fún wa. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sábẹ́ tiwa, ó sì kọ̀wé sí i ní ńlá: MẸ́WÀÁ.

Ó gbà tó oṣù méjì kí páálí náà tó dé Tema. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin náà á pe ìyá mi: "Ẹ jọ̀ọ́, Maame, ó ṣì wà lórí omi." "Ẹ jọ̀ọ́, Maame, ó ti dé èbúté." Ẹnikẹ́ni kò rán an. Nígbà tí ọ̀gá ní kí a wa àwọn ọkọ̀ náà wá, ìyá mi bi í bóyá ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò dúró níwájú wọn lójú ọ̀nà láti dá wọn dúró. Ó rán ọkọ̀ pẹrẹsẹ wá gbé wọn.

Láti ìgbà náà, àwọn ará ẹgbẹ́ ò jẹ́ kí n yin ohunkóhun nípàdé mọ́. Bí mo bá ní ìrẹsì dùn, ẹnì kan á ní, "Bí ìrọ̀rí?" Mo gbà fún wọn. Ìyá mi ni wọ́n ń bi léèrè báyìí bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan, ìbéèrè tí ìyá mi sì ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ mi kọ́kọ́ padà sójú títì, ìyá mi jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ọlọ́kadà, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí eré mi. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹni pé wọ́n ṣètò rẹ̀, tòrotòro kan dúró gbàgà níwájú. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó jìnnà sí tòrotòro náà dáadáa. Yanrìn onílé yẹn ti di ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ẹ rí i, Mà? Másítà tuntun!"

Mo wo ilẹ̀ ọkọ̀. Rọ́bà ti ká jọ síwájú. Ìyá mi rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kúrò lórí rẹ̀, wọ́n tún bàtà wọn wọ̀ dáadáa.

"Máa lọ," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ ti ń ro mí."