Àpótí Kọ̀ǹpútà tí Mo Fojú Yàn

Mo rántí ìgbà tí mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà kan ní oríta Òrè, tí mò ń wo àpótí irin méjì tí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà máa ń wà nínú wọn, bí ẹni ń yan aṣọ ìgbéyàwó. Ayé ológun ni, nǹkan le, owó oṣù àwa tíṣà kì í sì í dé déédéé. Ṣùgbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sí Odígbó, fẹ́ kí n bá àwọn tẹ ìtàn ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn kò lè kọ̀wé mọ́.

Àpótí kìíní wúwo, ó rí wúruwùru, ihò kún ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, fáànù méjì ló sì ní. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, iná aláwọ̀ ewé kan wà níwájú rẹ̀. Àmọ́ fáànù kékeré kan péré ló ní, ihò rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Alátùn-únṣe náà ní, “Tíṣà, ẹ mú èyí tó burẹ́wà yìí. Ooru ló ń pa kọ̀ǹpútà. Ibi tí atẹ́gùn máa gbà ni kí ẹ wò.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Pálọ̀ bàbá mi ló máa wà, kì í ṣe ilé mẹkáníìkì.” Mo sì ra èyí tó ń dán. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan irin.

Odidi oṣù mẹ́ta ni Bàbá fi ń sọ, tí mo fi ń tẹ̀: àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó lọ́nà Omifunfun, odò tí wọ́n sọdá, ìyá tó kú sójú ọ̀nà. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n mọ́ láyé. Mi ò sì dà á kọ síbòmíràn. Mo ní tó bá parí, n ó tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, èéfín yọ lẹ́yìn àpótí dídán náà. Nígbà tí alátùn-únṣe tú u, eruku ti dí fáànù pa, ooru sì ti ba ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ wà jẹ́. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Kò sí ohun tí mo lè yọ níbẹ̀ mọ́.”

Bàbá ní, “Má sunkún, ọmọ mi. Ẹnu mi ṣì wà. A ó tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.”

Ọjọ́ Àìkú ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ohùn wọn kò jáde mọ́ títí wọ́n fi papò dà.

Ní báyìí, àwọn ọmọ mi máa ń bi mí níbi tí a ti ṣẹ̀ wá, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni mo lè sọ. Ó máa ń dùn mí ju ti àpótí náà lọ pé mo jókòó ti Bàbá fún oṣù mẹ́ta, àmọ́ lẹ́tà tí mò ń tẹ̀ ni mò ń wò kí n má baà ṣì í tẹ̀. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.