Bàbá Ọláníyan, Onílé Tó Ń Fi Ìwé Yan Ayálégbé

Kò sí ẹni tó gbé Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà tí kò gbọ́ nípa kọngílá sìmẹ́ńtì àti Bàbá Ọláníyan. Ọdún 1976 ni. Owó epo rọ̀bì ti gba ìgboro, àwọn tó ń wọ Èkó lójoojúmọ́ sì ti pọ̀ ju yàrá tó wà nílẹ̀ lọ. Kọngílá yìí gbé Peugeot tuntun síwájú ilé Bàbá Ọláníyan, ó ní òun fẹ́ gba yàrá iwájú. Bàbá Ọláníyan, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo ìlẹ̀kùn ilé náà, kò dárúkọ owó rárá. Ó wọlé, ó sì mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde.

"Ẹ lọ ka èyí ná. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ padà wá ká jọ sọ̀rọ̀."

"Bàbá, ilé ni mo wá gbà. Mi ò wá ṣe ìdánwò."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n níbí."

Kọngílá rẹ́rìn-ín, ó ju ìwé náà sí Ṣàfíù, awakọ̀ rẹ̀, pé kó bá òun kà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ṣàfíù fi kà á nínú ọkọ̀ ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń dúró de sìmẹ́ńtì. Nígbà tí wọ́n padà wá, Bàbá béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Kọngílá wo Ṣàfíù, Ṣàfíù sì dáhùn. Bí wọ́n ṣe dé orí ìbéèrè kẹta, Ṣàfíù ti gbàgbé pé ọ̀gá òun wà níbẹ̀, ó ti jókòó, òun àti Bàbá ti ń jiyàn. Bàbá dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé awakọ̀ lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ kọngílá gidigidi pé ó bá òun wá ayálégbé.

*Ọmọ Ọlọ* ni ìwé náà ń jẹ́, Báyọ̀dé Ọláfimíhàn ló kọ ọ́. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ *Idà Àgbékọ́* tí òǹkọ̀wé àgbà yìí kan náà kọ, èyí tí ìlú méje ti jóná nínú rẹ̀ kó tó dé ojú ewé ogójì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í jagun nínú *Ọmọ Ọlọ*. Obìnrin méjì tó ń gbé agbo ilé kan náà ló jà nítorí òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata, wọn kò sì kí ara wọn fún ọdún mọ́kànlá. Bàbá Ọláníyan rí i ní Ìkòtún, níbi tí òǹtàwé kan ti fi ẹ̀dà mẹ́ta ti ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì bá ọkùnrin náà tún tábìlì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kó má baà tún dán irú ẹ̀ wò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Julius dé. Tíṣà ni, ará Èkìtì, ó sì ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ àwọn ọmọ ní *Idà Àgbékọ́*. Oyún oṣù méje wà nínú Agnes, ìyàwó rẹ̀, inú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n Julius kan ní Baruwa ni tọkọtaya náà sì ń sùn. Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kó fún àwọn ní iyọ̀. Bí ọmọ bá dé kí wọ́n tó rí yàrá, Julius mọ̀ pé àbúrò kò ní ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

"Bàbá, mo mọ ìwé Ọláfimíhàn dáadáa," ló fi bẹ̀rẹ̀. "*Idà Àgbékọ́* yẹn, mo lè kà á láìwo ìwé."

"Tíṣà, ṣé ogun lo fẹ́ wá jà nínú ilé mi ni? Yàrá mọ́kànlá, ilé ìdáná kan. Ìwé tó mọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni kó o kà."

Julius gba *Ọmọ Ọlọ*, ó ka orí àkọ́kọ́ àti orí ìkẹyìn, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àlàyé tó gún régé. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Kí ni wọ́n ń pe ewúrẹ́ náà?"

"Ewúrẹ́ wo, Bàbá?"

"Èyí tó wà láàárín ìwé. Máa lọ sílé."

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún Agnes. "Ewúrẹ́ ni kò jẹ́ ká rí ilé gbà? Kà á sókè jàre, kí èmi náà gbọ́."

Ó kà á sókè. Kí wọ́n tó dé ibi ewúrẹ́, ẹ̀gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín látinú yàrá, ó ní kí wọ́n tún ibẹ̀ kà.

Nígbà tí Julius padà lọ, Agnes tẹ̀ lé e. Julius dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí ni kò dákẹ́ sí.

"Ìwé náà dùn, Bàbá. Ṣùgbọ́n *Idà Àgbékọ́* ṣì dára jù ú lọ."

Agnes tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá Ọláníyan wo Julius títí. Tíṣà ti ń rí pálọ̀ Baruwa níwájú rẹ̀ nígbà tí Bàbá nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ kó ẹrù yín wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí kò ní gbà fún mi."

Ilé náà ni Agnes bí ọmọ rẹ̀ sí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Julius àti Bàbá ń jiyàn lórí àga iwájú ilé, kò sì sí èyí tó gbà fún èkejì. Bí àwọn obìnrin bá jà nílé ìdáná, Bàbá kì í parí ìjà. Yóò kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ka orí kẹrin *Ọmọ Ọlọ* sókè. Àwọn tó ń jà yóò bẹ ara wọn kíá, kó lè pa ìwé dé.

Ní ọdún 1979, àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Julius wọlé kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Tíṣà, èwo ló dára jù?"

Julius ti pèsè irọ́ kan sílẹ̀, irọ́ rere. Kò lè pa á.

"*Idà Àgbékọ́* ni, Bàbá."

Bàbá Ọláníyan rẹ́rìn-ín títí Mọ̀dínátù, ìyàwó rẹ̀, fi sáré wọlé. "O ṣeun. Ká ní o yí i padà nítorí àìsàn mi ni, ǹ bá lé ẹ jáde kí n tó kú."

Ó kú lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ayálégbé jókòó yí Mọ̀dínátù ká, oníkálùkù ń sọ bí òun ṣe yege. Nùrẹ́nì télọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀wé kà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó tún bi òun ní ìbéèrè, tó sì tún bá òun dáhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún yín pé ìdánwò ni?" Mọ̀dínátù béèrè. "Bàbá yín ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kí wọ́n tó kọ́ ìwé kíkà. *Ọmọ Ọlọ* ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kà parí. Wọ́n ní ìsọ̀ ni àwọn wà lọ́jọ́ náà, àwọn wo ọ̀tún, àwọn wo òsì, kò sí ẹni tí àwọn máa bá sọ ọ́. Ọdún yẹn ni wọ́n ra ilẹ̀ yìí, kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ ọ́."

Ó fi ọwọ́ ka yàrá mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn.