Kóònù Tí Bàbá Mi Kùn Ní Ọ̀dà

Sípíkà ni bàbá mi ń tún ṣe. Èmi náà ń tún un ṣe. Mi ò kàwé púpọ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni màá ṣe sọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù wa kò ju yàrá kan lọ. Tábìlì kan, àga méjì, ìṣó lára ògiri tí à ń kọ́ kóònù sí. Kóònù ni bébà inú sípíkà, èyí tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Òun ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Bó bá fúyẹ́, ohùn á já geere. Bó bá wúwo, ohùn tín-ín-rín á kú sínú rẹ̀, èyí tó nípọn nìkan ló máa kù.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi kì í fi í kun kóònù ní ọ̀dà. Àwọn èèyàn fẹ́ kó dúdú, kó máa dán bíi tuntun. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìyànà ló ń yọ bàbá mi lẹ́nu jù.

"Bàbá, ẹ bá mi kùn ún, kó dúdú bí irun orí mi."

"Ìwọ, ṣé o máa ń fi ọ̀dà kun ahọ́n ẹ kí o tó kí èèyàn?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹwà ni mo ní kí ẹ fi sí i."

"Ẹwà kì í kọrin. Gba sípíkà ẹ, kí o máa lọ."

Bí kóònù bá ṣá jù, wọ́n á po tàdáwà díẹ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi àkísà kàn án fẹ́rẹ́. Ó tán.

Tí a bá tún ọ̀kan ṣe tán, ohùn ìyá mi la fi ń dán an wò. Yàrá wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi á mú máìkì lọ́hùn-ún, wọ́n á ní: "Bàbá ọmọ mi, ẹ sáré wá jẹun, oúnjẹ ń tutù." Bóúnjẹ wà, bí kò sí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Bàbá mi á di ojú, wọ́n á fetí sí i bóyá "sáré" yẹn já dáadáa. Bó bá já, wọ́n á dáhùn: "Mò ń bọ̀, ìyàwó mi." Ìgbà yẹn ni sípíkà tó lè kúrò lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ tún gbé sípíkà dé, ó tún ní ọ̀dà lòun fẹ́. Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí èébú. Bàbá mi ní, "Gbé e kalẹ̀."

Mo wo ojú wọn. Wọ́n mú ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun ilẹ̀kùn. Wọ́n kùn ún, ó gbẹ, wọ́n tún kùn ún. Wọ́n ní: "Mo ti dán an wò lára ògbólógbòó kóònù kan. Kò yí nǹkan kan padà. Àṣé à kàn ń bẹ̀rù lásán ni."

Onígbàjámọ̀ gbé e lọ. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà.

"Bàbá, akọrin mi ti kó sínú ìkòkò o! Wọ́n tún ti dé e lọ́mọrí."

Bàbá mi fi orin sí i, wọ́n di ojú. "Kò sóhun tó ṣe é. Etí ẹ ló dí. Irun tí ò ń gẹ̀ ti kún inú ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn ti kú.

Nígbà tó fi sípíkà sílẹ̀ tó sì lọ tán, bàbá mi kọjú sí mi. "Má purọ́ fún mi. Ó dáa àbí kò dáa?"

"Kò dáa, sà. Ó dí pátápátá."

Wọn ò bínú. Wọ́n gbé etí lé kóònù ọlọ́dà, ó pẹ́. Wọ́n gbé e lé èyí tí a ò kùn. Wọ́n tún padà sórí ti àkọ́kọ́.

"Ohun kan náà ni mò ń gbọ́."

Nígbà tó yá, wọ́n ní: "Má sọ fún ìyá ẹ. Èmi tí mò ń tún ohùn ṣe, kí n wá sọ pé mi ò gbọ́ ohùn mọ́?"

Mo ní mi ò ní sọ. Mo fi kóònù mìíràn sí sípíkà onígbàjámọ̀. Mo fi ọlọ́dà kọ́ ìṣó.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń gbọ́, ojú mi ni bàbá mi ń wò. Bójú mi bá tú ká, wọ́n á ní, "Ó ti dáa." Wọn ò ní kí ìyá mi mú máìkì mọ́. Tí ìyá mi bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn, wọ́n á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan lọ bí ẹni tí a ò pè. Èmi ni mò ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká.

Ibà ló mú bàbá mi. A rò pé ibà yẹn á lọ. Wọ́n bá a lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi wá jókòó sórí àga wọn.

"Kí ni mo ṣe fún bàbá ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ọkọ tó ń dá mi lóhùn kí n tó pè tán. Ó di pé mò ń pè, wọn ò dáhùn. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn. Lọ́jọ́ tí ibà yẹn bẹ̀rẹ̀, mo pè títí, mo bá gbé oúnjẹ kúrò. Mo ní kí ebi pa wọ́n. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣèlérí fún ti lọ, ẹni tó kù ló ń jìyà.

Mo já kóònù ọlọ́dà lórí ìṣó. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ sípíkà kan, mo dúró kó gbẹ. Ìyá mi ń wò mí. Mo mú máìkì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo ti ilẹ̀kùn. Mo rọra sọ ọ́, kó má baà gba ara ilẹ̀kùn kọjá: "Bàbá ọmọ mi, ẹ sáré wá jẹun, oúnjẹ ń tutù."

Nígbà tí mo jáde, ìyá mi ti tẹ orí síwájú.

"Kí lo sọ?"

"Ohun tí ẹ máa ń sọ ni."

"Mi ò gbọ́ ọ. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi."

"Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbọ́ yín, mà. Etí wọn ti lọ. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Ìyá mi ò ké. Wọ́n fi etí gèlè nu eruku lára kóònù yẹn. Wọ́n ní kí n padà lọ tún un sọ.

Mo lọ, mo tún un sọ. Mo gbọ́ ìyá mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn wọn kò lọ sókè, wọ́n dáhùn bí bàbá mi ṣe máa ń dáhùn: "Mò ń bọ̀."

Mo di máìkì mú.