Ìlà Tí Tòyíbàt Há Sórí

Kò sí ẹni tó ń ya káàdì ìgbéyàwó ní àdúgbò wa, Aboabo, bíi Tòyíbàt. Èmi tí mo ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè fa tirẹ̀ yọ láàárín ogún láìwo orúkọ, nítorí òdòdó wínníwínní tó máa ń fi yí etí ìwé ká. Orí ara rẹ̀ ló ti ń rò wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó ní tí kò jọ ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbó tí kò fẹ́ tàn mọ́, Ìkrímà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Línúùsì sí i. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní dá iṣẹ́ dúró. Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà náà jí.

Ìkrímà wá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ àṣẹ sójú ẹ̀rọ náà, níbi dúdú kan tí kò ní àwòrán kankan. Kó tẹ ls, yóò rí ohun tó wà nínú fódà. Kó tẹ cd, yóò bọ́ sínú òmíràn. Tòyíbàt ń kọ wọ́n sínú ìwé, ó ń kà wọ́n sókè títí wọ́n fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa ní ilé kéwú nìyẹn: há a sórí ná, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ta ló jẹ́ bi máálàmù rẹ̀ léèrè?

Ìlà tó gùn jù ni Ìkrímà ní kó máa tẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó tó pa ẹ̀rọ. Rsync ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orúkọ fódà káàdì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà orúkọ Ìkrímà àti nọ́ńbà rẹpẹtẹ. Ó ní ó ń bá a tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ ni. Inú Tòyíbàt dùn débi pé ó wá kà á fún mi látòkè délẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko, kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Lọ́jọ́ kan Lùbnà, ìyàwó ojú ọ̀nà tí a kò tíì tẹ káàdì rẹ̀, mú káàdì ẹlòmíràn wọlé. Ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Asafo ló ti rí i. Òdòdó tí Tòyíbàt yà fún Lùbnà gan-an ló wà létí rẹ̀.

“Sísí Tòyíbàt, ẹ ní tèmi nìkan ni. Adɛn? Kí ló dé?”

Lùbnà gba iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Tòyíbàt, ó lọ.

Tòyíbàt ti mọ̀ pé béèyàn bá tẹ man ṣáájú ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ náà yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò fi wo ìlà yẹn rí; lójú rẹ̀, àrífín ni. Lọ́jọ́ náà ó wò ó. Rsync ń da ohun tó wà nínú fódà kọ, ó sì lè gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Orúkọ Ìkrímà tó wà láàárín, tó ti rò pé ó kàn ń fi olùkọ́ hàn ni, ibẹ̀ ni ẹrù ń lọ.

Ó gbéra ó di Asafo. Ìkrímà ló jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì jiyàn.

“Tòyíbàt, ta ló ní kó o máa wá ìtumọ̀ kiri?”

Ó padà wá bá mi. Inú ń bí mi, mo ní ká lọ fọ́ ibẹ̀. Ó mi orí, omijé ń bọ́.

“Ká ní ó fọ́lé jí i ni, ì bá sàn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kó o fún un. Mo máa ń ṣe Bìsímílà kí n tó tẹ̀ ẹ́.”