Ìgbà Tí Aṣọ Funfun Ń Pọ́n Lójú Mi

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ká sùtánà tí mo máa wọ̀ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ kejì lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Enugu Road, nílẹ̀ Haúsá níbí. Mo gbé e síwájú oòrùn, aṣọ náà ti pọ́n bí ẹni pé omi ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ àwa Àládùúrà mọ̀ pé a kì í fi aṣọ funfun wa ṣeré. Mo pe Àṣàbí, ìyàwó Dáníẹ́lì ọmọ mi, tó ń bá mi fọṣọ láti ọjọ́ tó ti wọlé wa.

"Àṣàbí, ṣé inú gọ́tà lo ti fọ aṣọ yìí ni?"

Ó wo aṣọ, ó wò mí. "Ẹ má bínú, Ìyá. N ó tún un fọ̀."

Ṣèyí ọmọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Haúsá ló fi ń dá wa lóhùn. "Kaka, fari ne fa!" Ìyá àgbà, funfun kúkú ni, lọmọ ń wí. Mo ní ta ló bá a sọ̀rọ̀.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, òmìnira kò sì tíì pẹ́ tí a gbà á. Ojú kò dùn mí rárá. Kò yún mi, kò ṣepin, omi kò dà lójú mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu dòní. Ojú lè máa parọ́ fún ẹni tó ni ín láti àárọ̀ dalẹ́, kó má sì jẹ́ kí onítọ̀hún fura.

Mo ra búlúù, èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun kó lè mọ́ gaara. Mo ní kí Àṣàbí fi sínú omi. Lọ́sẹ̀ kejì mo ní kó fi kún un. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ní kó tún fi kún un. Aṣọ kò yéé pọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, mo ti gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Mo lẹ́nu, mi ò ní parọ́. Mo sọ fún Dáníẹ́lì pé tí a bá ti ṣe ọdún Àjíǹde tán, kó fi ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin, kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà, kí ìyẹn kọ́ ọ ní aṣọ fífọ̀. Dáníẹ́lì bẹ̀ mí títí, mi ò gbà. Àṣàbí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá.

Ọjà Kantin Kwari ni mo ti ń ta aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sígbà náà, oníbàárà kan béèrè aṣọ funfun, mo gbé aláwọ̀ ìyeyè fún un, mo sì ń búra pé funfun ni. Màlámù Sani, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi láti nǹkan bí ogún ọdún, ló gbà mí sílẹ̀. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó ní kí n kọjú sí oòrùn, ó dúró lókèèrè, ó wò mí.

"Mama, ba zanin ba ne. Idonki ne."

Ó ní kì í ṣe aṣọ, ojú mi ni. Ó ní òun rí nǹkan funfun nínú dúdú ojú mi, hakíyà ni àwọn ń pè é, àwọn arúgbó ló sì máa ń ṣe jù. Ó sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó ń rìn kiri, tó ń fi abẹ́rẹ́ ti hakíyà wọ inú ojú lọ. Ẹsẹ̀ mi kò dúró, mo lọ wò ó. Àgbẹ̀ kan jókòó sórí ẹní, ọkùnrin náà fi abẹ́rẹ́ sí i lójú, àgbẹ̀ sì pariwo pé òun ti ń rí ìka ọwọ́ òun. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà jókòó. Ìgbà tí mo padà dé ni Màlámù Sani tó sọ pé bàbá òun náà rí ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ojú náà ti bàjẹ́ pátápátá. Ó ní ilé ìwòsàn ojú ni kí n lọ.

Àwọn kan nínú ìjọ ní oògùn kò yẹ wá. Mo ní ọ̀bẹ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ oògùn.

Àṣàbí ló mú mi lọ. A jókòó lábẹ́ igi dongoyárò láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, àwa àti àwọn arúgbó tí ọmọ ń fà lọ́wọ́. Dókítà òyìnbó náà gbọ́ Haúsá ju àwọn ọmọ wa lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kan wà lẹ́yìn dúdú ojú, tó mọ́ bíi gíláàsì, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣú. Ó na apá ẹ̀wù rẹ̀ sí mi, ó ní àwọ̀ wo ni.

Mo ní ó jọ ògì bàbà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, ó ní funfun ni.

Mo yíjú sí Àṣàbí. "Àwọ̀ wo ni gèlè orí mi yìí?"

"Búlúù ni, Ìyá."

"Sùtánà mi ńkọ́?"

"Òun náà, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi kún un."

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ẹ̀gbẹ́ ojú dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gé e, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ ojú mi. Lẹ́yìn náà wọ́n di ojú mi méjèèjì, wọ́n gbé àpò yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ orí mi lọ́tùn-ún lósì, kí n má baà mira. Mi ò gbọdọ̀ wúkọ́, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Àṣàbí fi ń fi ṣíbí bọ́ mi ní kókó. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo ń sọ fún ara mi pé ojú lọ̀rọ̀ wà, kí n dúró kí wọ́n tú ojú mi ná. Ká má tan ara wa jẹ, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u, wọ́n fi jígí kan sí mi lójú, ó nípọn bí ìdí ìgò. Gbogbo nǹkan tóbi. Mo bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ni mo dà á sí. Mo wo ògiri, mo wo ọwọ́ ara mi, mo rí gbogbo ìhunjọ tó wà níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo Àṣàbí. Eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta.

"Àṣàbí, ìgbà wo lo rù báyìí?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá."

Mo sunkún, nọ́ọ̀sì sì ń pariwo pé kí n má sunkún. Mo di ọwọ́ Àṣàbí mú, mo ní kó foríjì mí, pé kò ní lọ síbì kankan. Ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun náà ń sunkún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ojú kan tó là yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí retí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe èkejì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dàgbà bọ̀ mọ̀ ni pé ara kì í fi gbogbo ìgbà dunni nígbà tó bá ń gbó. Ẹni tó sún mọ́ni jù ló lè kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde, èmi ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ọ̀fà. Àṣàbí bá mi dé ibùdókọ̀, ó ń ṣàníyàn pé mi ò tíì mọ jígí náà lò dáadáa. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú tí Àṣàbí bá mi tọ́jú wo ìyá tó bí i, kí n bẹ̀ ẹ́, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.